Ẹ̀yin tí ẹ̀rù solo ń bà, ẹ yéé ṣe àwọn nǹkan yìí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ kíbọ́ọ̀dù tàbí sax ní ṣọ́ọ̀ṣì, orin tẹ́ ẹ ti fi ṣe rìhásà ẹ máa ń ṣe é dáadáa, àmọ́ tí wọ́n bá ti ní kẹ́ ẹ ṣe solo báyìí, ìyẹn kẹ́ ẹ dá tẹ orin tàbí fọn ọ́n látinú ara yín láìṣe rìhásà ẹ̀, ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ẹ ó wá máa rò pé ẹ̀bùn yẹn ò sí lára yín. Ó wà ńbẹ̀ o, àwọn nǹkan kan lẹ̀ ń ṣe tó ń dí i lọ́wọ́.

Ẹ yéé dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá mọ gbogbo skéèlì, ìyẹn àwọn nóòtì tó ń tẹ̀ léra nínú key kọ̀ọ̀kan, tán. Trumpet ni Fela lọ kọ́ ní London, àmọ́ nígbà tí Igo Chico tó ń fọn tenor sax fún un kúrò ní báńdì lọ́dún 1973, òun fúnra ẹ̀ ló gbé sax, ó kọ́ ọ, ó sì ń fọn ọ́n níta gbangba. d r m s l (do re mi so la) ti tó yín bẹ̀rẹ̀, lórí key C, C D E G A nìyẹn.

Èyí tó ń ká mi lára jù ni bí ẹ̀rù ṣe ń jẹ́ kẹ́ ẹ máa da nóòtì lé nóòtì, ẹ ò mí, ẹ ò dákẹ́. Ẹ wo onígángan lóde àríyá, ọ̀rọ̀ ló ń sọ, á pe èèyàn, á dákẹ́ díẹ̀, á wò ó bóyá ó ti gbọ́, kó tó wá máa kì í lọ. Ẹ̀yin náà ẹ mú ohun tí olórin ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ, ká ní s l s m ni, ẹ tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ dákẹ́, ẹ tún un tẹ̀ àmọ́ kẹ́ ẹ fi r d parí ẹ̀, solo ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ máa fẹnu kọ ọ́ kọ́ọ́kọ́ọ́ kọ́wọ́ tó kàn án.

Tẹ́ ẹ bá ṣi nóòtì tẹ̀, ẹ má dúró, ẹ má fajú ro. F# bọ́ sí yín lọ́wọ́ nínú key C? G ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ yẹn, ẹ yọ́ bọ́ síbẹ̀, àwọn èèyàn á rò pé bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn.

Ẹ má sì máa fi ara yín wé àwọn orí YouTube, ibi tí wọ́n gé dànù ẹ ò rí i.

Tẹ́ ẹ bá fi fóònù rẹ̀kọ́ọ̀dù ara yín, ẹ má gbọ́ ọ lójú ẹsẹ̀, torí ibi tẹ́ ẹ ti ṣì í nìkan lẹ ó máa gbọ́. Ó di ọjọ́ kejì, kẹ́ ẹ mú ibì kan ṣoṣo tó dùn létí yín, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ lórí key F, lẹ́yìn náà lórí G, kẹ́ ẹ má fọwọ́ kan transpose, bọ́tìnnì tó ń bá èèyàn yí key padà lórí kíbọ́ọ̀dù.