Bí Mo Ṣe Ṣa Ìtàn Rélùwéè Kékeré àti Fàájì Àtijọ́ Jọ ní Sáríà

Ẹgbẹ́ ìlú wa níbí ní Sábọ́n-Gàrí, Sáríà, ń múra ọjọ́ ẹgbẹ́, wọ́n wá ní kí n bá àwọn ṣe pátákó ìtàn kan tí a ó gbé sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngán. Wọ́n fẹ́ kí àwọn ọmọ mọ ohun tó gbé àwọn bàbá wa dé ìlú yìí, àti ohun tí wọ́n fi ń ṣe fàájì láyé òyìnbó. Owó ọkọ̀ àti owó ẹ̀dà ìwé ni wọ́n fún mi, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó gbé wọn wá kò ṣòro: rélùwéè ni. Bí o bá wọ ilé ará Ọ̀fà, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí ará Ìlọrin níbí, wọ́n á pe orúkọ téṣàn fún ọ kí o tó jókòó. Ti fàájì ló gba làákàyè, nítorí ìjọba ìgbà náà kì í kọ ayọ̀ mẹ̀kúnnù sílẹ̀ àfi bí owó tàbí ẹ̀rù bá wà nínú rẹ̀.

Mo kọ́kọ́ lọ bá àwọn àgbà. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè ni mo jókòó tì jù. Mo kí wọn, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi sọ ti ọkọ̀ kékeré tó ń lọ Jọ́ọ̀sì." Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, ọkọ̀ yẹn? Ọmọdé lè bọ́ sílẹ̀, kó tọ̀, kó sì tún sáré bá a!" Nígbà tí mo bèèrè ohun tí wọ́n máa ń lọ wò, wọn ò ronú rárá. "Sinimá ni. Àti májígí." Mọ́tò ìjọba tó ń gbé àwòrán kiri ni wọ́n ń sọ, tó máa ń ta aṣọ funfun sí gbangba lálẹ́, tó sì máa ń fi fíìmù kọ́ ará ìlú ní ìmọ́tótó àti bí wọ́n ṣe ń gbin ẹ̀pà. Bàbá ní àwọn ò gbọ́ ti ìmọ́tótó. Ẹṣin àti àwọn tó ń ṣubú làwọn lọ wò.

Láti ibẹ̀ mo gba National Archives, ilé tí wọ́n ń kó ìwé ìjọba àtijọ́ pa mọ́ sí, lọ ní Kàdúná. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ mú ìwé ìdánimọ̀ dání, kí ẹ sì mú pẹ́ńsù, torí wọn ò fẹ́ bírò nítòsí àwọn fáìlì yẹn. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti kọ orúkọ tán, wọ́n á gbé ìwé atọ́ka síwájú yín, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń rẹ̀wẹ̀sì. SNP ni ìwé ọ́fíìsì akọ̀wé ìjọba fún Àríwá. Zarprof ni ti ìgbèríko Sáríà, Kanoprof ti Kánò, Josprof ti Plateau. Ẹni tó bá ń wá eré nínú rẹ̀ kò ní rí ohun tó pọ̀. Ilẹ̀, ọlọ́pàá àti láísẹ́ńsì ni mo ní kí wọ́n bá mi wò. Ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé sinimá á kọ́kọ́ tọrọ ilẹ̀, ẹni tó fẹ́ pe èrò jọ á gba àṣẹ, kò sì sí bó ṣe máa ṣe é tí kò ní bí òyìnbó kan nínú tàbí kó dẹ́rù bà á. Ìgbà tí inú bá bí wọn ni wọ́n máa ń kọ̀wé gùn.

Ti rélùwéè kò fún mi ní wàhálà, wọ́n fẹ́ràn àtikọ ti irin. Tánganran (tin) tí wọ́n ń wà lórí Plateau ló fà á. Orí ni àwọn aláàárù fi ń rù ú láti Naraguta lọ sí Loko létí odò Benue, kí ọkọ̀ ojú omi tó gbà á lọ sí òkun. Nígbà tí rélùwéè ńlá tó bẹ̀rẹ̀ ní Baro gba Sáríà kọjá, tó sì dé Kánò ní 1911, àwọn ilé iṣẹ́ kùsà ń pariwo pé kí ìjọba fa ẹ̀ka wá bá àwọn. Ìjọba wo àpò ara rẹ̀, ó ní kékeré ló máa jẹ́. Ìbú ojú irin ńlá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3 àti íǹṣì 6. Ti ẹ̀ka yìí jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 2 àti íǹṣì 6, irú èyí tó ti wà ní Wushishi nígbà tí Zungeru ṣì jẹ́ olú ìlú Àríwá. Ó gbéra ní Sáríà, ó dé Rahama ní 1912, ó sì dé Bukuru, nítòsí Jọ́ọ̀sì, ní 1914. Bauchi Light Railway ni wọ́n pè é, bẹ́ẹ̀ kò fojú kan ìlú Bauchi rí; abẹ́ Bauchi ni wọ́n ka Plateau sí nígbà náà. Ẹ fi í sọ́kàn bí ẹ bá ń wá fáìlì rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọ rí gan-an ni ohun tí ẹsẹ̀ bàtà kan ṣoṣo yẹn dá sílẹ̀ ní Sáríà. Ọkọ̀ kékeré kò lè gun irin ńlá, ti ńlá kò sì lè gun ti kékeré. Àpò tánganran kọ̀ọ̀kan tó bá ti òkè sọ̀ kalẹ̀, ọwọ́ èèyàn ló máa gbé e jáde nínú wágọ̀nù kan bọ́ sínú èkejì. Iyọ̀, aṣọ àti irinṣẹ́ tó ń lọ sókè, bákan náà. Èrò ọkọ̀ pẹ̀lú á bọ́ sílẹ̀ tẹrù-tẹrù, wọ́n á dúró de òmíràn. Ibi tí èrò bá sì ti ń dúró, tí owó aláàárù ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí i lọ́wọ́, ẹ ò ní wá olóúnjẹ àti onílù tì níbẹ̀.

Ní 1927, rélùwéè ńlá gba Kafanchan dé Jọ́ọ̀sì, tánganran bá yà sí ọ̀nà Port Harcourt. Láti ìgbà yẹn ni ti Sáríà ti dà bí ìyálé tí ọkọ rẹ̀ fẹ́ ìyàwó tuntun: wọn ò lé e, wọn ò sì bèèrè rẹ̀. 1957 ni wọ́n tó tì í pa. Mo lọ wo ẹ̀rọ rẹ̀ tó kù ní mùsíọ́ọ̀mù Jọ́ọ̀sì. Kò ga tó bí mo ṣe rò. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo na téèpù láti irin dé irin, sẹ̀ǹtímítà 76, kò tó ìbú ilẹ̀kùn yàrá mi.

Mo fi ẹyọ fọ́tò kan kọjá lórí fàájì àwọn ọlọ́lá, ìyẹn ti Kàdúná ní 1956, nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin Àríwá tò níwájú Ọbabìnrin Elizabeth ní pápá eré ẹṣin tí a ń pè ní Murtala Square lónìí. Ti tiwa ni mo fún láàyè. Hubert Ògúndé gbé eré rẹ̀ wá sí Àríwá. Ó ti ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá rí, àmọ́ nígbà tó gbé eré tó ṣe lórí ìdaṣẹ́sílẹ̀ 1945 dé Jọ́ọ̀sì, ọlọ́pàá náà ló dá a dúró. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ yẹn, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè lábẹ́ Michael Imoudu wà ní iwájú rẹ̀, torí owó iṣẹ́ kò ká owó ọjà mọ́ nígbà ogun Hitler. Ìjọba tó fi irin fa àwọn òṣìṣẹ́ wá sókè kò fẹ́ kí wọ́n jókòó wo ara wọn lórí ìtàgé. Mo kọ gbólóhùn yẹn gàdàgbà sí àárín pátákó.

Ìjà tí a jà nínú ìgbìmọ̀, orí El Dunia ni. Ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún 1951, iná jó ilé sinimá yẹn ní Kánò, ó sì pa èèyàn tó lé ní 300, ọ̀pọ̀ wọn ọmọdékùnrin tó wá wo fíìmù ọ̀sán. Fíìmù ìgbà náà máa ń yára gbiná. Ìyá Ẹgbẹ́ ní, "A ò ní fi òkú ṣe ọ̀ṣọ́ ọjọ́ àríyá." Mo ní, "Ẹ má bínú mà, ṣùgbọ́n ìgbádùn kan náà la ń sọ." A wá gbé e sí ẹ̀yìn pátákó, níbi tí ẹni tó bá fẹ́ máa yí lọ kà á. Mo ṣì gbà pé iwájú ló yẹ kó wà.

Lọ́jọ́ náà, mo na okùn sílẹ̀ ní gbọ̀ngán ní méjì-méjì: ìbú rélùwéè kékeré, ìbú ti ńlá, àti ìbú mílímítà 1,435, irú ti ọkọ̀ Abuja sí Kàdúná tó bẹ̀rẹ̀ ní 2016 àti èyí tí wọ́n ń fà láti Kàdúná gba Sáríà lọ sí Kánò. Àwọn ọmọ ń fò ó. Ọmọbìnrin kan wá bèèrè lọ́wọ́ Bàbá onírélùwéè bóyá ọkọ̀ tuntun á lè gun irin àtijọ́.

"Rárá o," ni wọ́n dá a lóhùn, "wọ́n á tún máa kó ẹrù láti inú kan sínú èkejì ni." Alága ti ní kí n bẹ̀rẹ̀ sí í múra ti Kafanchan sílẹ̀ fún ọdún tó ń bọ̀, mo sì ti ní kí wọ́n fi kún owó ọkọ̀.