Tòmátì Inú Àpò Lẹ́yìnkùlé Wa

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹfà ọdún 2024, mo bọ́ sẹ́yìnkùlé wa n'Íbàdàn, mo sì bá igi tòmátì mẹ́ta tí orí wọn ti tẹ̀. Ewé wọn kò pọ́n, kò gbẹ, síbẹ̀ wọ́n rọ jọwọlọ bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n da omi gbígbóná lé. Mo rò pé òùngbẹ ni, mo bomi rin wọ́n. Nírọ̀lẹ́, wọ́n gbé orí sókè díẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, wọ́n tún rọ, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn náà sì bẹ̀rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, nínú igi méjìdínlógún tí mo gbìn, mẹ́rin péré ló kù. Ó dùn mí wọ egungun, nítorí wọ́n ti ń yọ òdòdó, tòmátì sì ti wọ́n lọ́jà lọ́dún náà débi pé ata rodo àti tàtàṣé nìkan ni ọ̀pọ̀ ilé fi ń se ọbẹ̀.

Bàbá kan ládùúgbò wa, tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ kíkọ́ àwọn àgbẹ̀, ni wọ́n là mí lójú. Wọ́n ní kí n gé igi kan nídìí, kí n ti ojú ibi tí mo gé bọ inú gíláàsì omi tó mọ́, kí n má mì ín. Láìpẹ́, nǹkan funfun tín-ín-rín bí òwú, tó dà bíi wàrà, bẹ̀rẹ̀ sí í sàn wálẹ̀ láti ẹnu ibi tí mo gé.

"Ọmọ mi, kì í ṣe òùngbẹ," wọ́n ní. "Kòkòrò àìfojúrí ló dí ọ̀nà omi nínú igi yìí. Kí lo gbìn síbí tẹ́lẹ̀?"

"Ìgbá ni, bàbá."

Wọ́n mi orí. Ìdílé kan náà ni tòmátì, ìgbá, ata, odú àti pòtétò. Àrùn tó bá ti bá ọ̀kan jà nínú ilẹ̀ lè lúgọ síbẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan, kó máa retí ìbátan rẹ̀. Oògùn tí ènìyàn lè fọ́n sí ewé kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo fa gbogbo igi tó kù tu, mo sun wọ́n, mo sì fi omi bíléèṣì fọ ọkọ́ àti àdá, nítorí ara irin náà ló máa ń bá rìn.

Ilẹ̀ ló kọ̀ mí, nítorí náà mo ní n óò gbin ti ẹ̀ẹ̀kejì sínú àpò. Mo kó àpò ìrẹsì méjìlá jọ, mo ká ẹnu wọn títí gíga wọn fi tó orúnkún, mo lu ihò sí ìdí wọn. Ibi tí wọ́n ti ń gbin àgbàdo ni mo ti lọ bu ilẹ̀, torí àgbàdo kì í ṣe ẹbí tòmátì. Korobá ilẹ̀ mẹ́ta sí korobá ìgbẹ́ adìẹ kan ni mo pò. Mo ti da ìgbẹ́ náà jọ fún oṣù méjì, mo bò ó mọ́lẹ̀ títí òórùn rẹ̀ fi lọ. Ìgbẹ́ adìẹ tútù máa ń jó gbòǹgbò, ẹ má fi ìkánjú lò ó. Orí búlọ́ọ̀kù ni mo to àwọn àpò náà lé, kí gbòǹgbò má baà yọ gba ìdí wọn kan ilẹ̀ àtijọ́ yẹn.

N kò ra irúgbìn lọ́tọ̀, inú tòmátì ọbẹ̀ ni mo ti yọ ọ́. Tòmátì Yorùbá ni mo rà lọ́jà, èyí tó lápá lápá lára bí elégédé kékeré, tó máa ń kan díẹ̀ lẹ́nu. Ó máa ń tètè rọ̀, kò sì lè rin ìrìn àjò jìnnà bí èyí tó ń ti òkè Ọya wá, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ tí wọ́n bá fi sè, mi ò ní fi í ṣe pààrọ̀. Mo fún kóró rẹ̀ sínú omi, mo fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta títí ó fi kan, kí nǹkan tó ń yọ̀ lára kóró náà lè bọ́ kúrò. Mo fọ̀ ọ́, mo sá a síbi tí oòrùn kò ti pa á tààrà. Ìparí oṣù Kẹjọ ni mo gbìn ín sínú abọ́ ike fífẹ̀. Ó hù lọ́jọ́ kẹfà.

Ìgbà tí ènìyàn bá gbìn ín ṣe pàtàkì púpọ̀. Òjò ńlá máa ń ta ẹrẹ̀ sí ewé, àrùn á sì tẹ̀lé e. Bí òru bá sì gbóná jù, òdòdó á já bọ́ láì so. Èyí tí a bá gbìn nígbà tí òjò kù díẹ̀ kó lọ yóò bá ọyẹ́ pàdé, òru tútù yẹn ló sì ń fẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn tó hù ni mo ṣí wọn lọ sínú àpò, nírọ̀lẹ́. Mo rì wọ́n mọ́lẹ̀ jìn, tó fi jẹ́ pé ewé òkè nìkan ló hàn, torí gbòǹgbò máa ń yọ láti ara igi tó bá wọ ilẹ̀. Mo fi ọparun gbá wọn ró, mo fi koríko gbígbẹ bo ojú ilẹ̀, ìdí igi ni mo sì ń bomi sí, n kò jẹ́ kó kan ewé. Láàárọ̀, mo máa ń fi ìka lu ọparun wọn pẹ́pẹ́, kí àtíkè inú òdòdó lè gbọ̀n, kó lè so.

Nígbà kan, mo rí ìlà funfun lára ewé, àyà mi já. Mo rántí ọdún 2016, tí àfòpiná tí wọ́n ń pè ní Tuta absoluta run oko tòmátì lókè Ọya, tí ìjọba ìpínlẹ̀ Kàdúná fi kéde ọ̀ràn pàjáwìrì. Mo yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ìlà tín-ín-rín tó ń lọ́ bí ejò ni, kì í ṣe àbàwọ́n fífẹ̀ tí ìdin Tuta máa ń dá. Mo já àwọn ewé náà dànù, ó sì tán síbẹ̀.

Àwọn èso àkọ́kọ́ dúdú nídìí, ó sì tẹ̀ wọnú. Àwọn kan ní kí n gún èèpo ẹyin sí i. Mo ṣe é, ṣùgbọ́n èèpo ẹyin máa ń pẹ́ kó tó jẹrà, àǹfààní rẹ̀ kò lè yá tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó tún un ṣe ni pé mo jáwọ́ nínú kí n bomi rin ín gan-an lónìí, kí n gbàgbé rẹ̀ lọ́la. Nígbà tí omi wá ń lọ déédéé láàárọ̀ láàárọ̀, ìdí dúdú kò yọ mọ́.

Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kejìlá ni mo ká àkọ́kọ́, ẹyọ méje. Nígbà tó fi máa di oṣù Kìíní, abọ́ kan ni mo ń ká lọ́jọ́ mẹ́ta mẹ́ta. Mo gbé àkúnfọ́ abọ́ kan lọ bá bàbá. Wọ́n mú ọ̀kan, wọ́n gbóòórùn rẹ̀ títí, wọ́n ní, "Tòmátì ìyá mi rèé."

Mo ti sá kóró ti ọdún tó ń bọ̀. Ibi tí àwọn ti àkọ́kọ́ kú sí, àgbàdo ni mo gbìn síbẹ̀.