Kí ẹ tó ra táyà slick

Ẹ̀yin ará mi tí ẹ ń gbé mọ́tò lọ sáré ní pápá ìsáré mọ́tò bíi Brands Hatch tàbí Snetterton ní England, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kánjú ra slick. Ooru ni táyà tí kò ní ìlà yẹn fi ń ṣiṣẹ́. Kó tó gbóná, ó lè yọ̀ ní kọ́nà àkọ́kọ́. Bí òjò bá sì dé, omi ò rí ibi gbà jáde lábẹ́ rẹ̀.

Àlòkù tí àwọn adíje ń tà lówó pọ́ọ́kú máa ń wọ èèyàn lójú. Ṣùgbọ́n bí rọ́bà bá ti gbóná tó sì tutù lọ́pọ̀ ìgbà, á gan, bó tilẹ̀ ṣì nípọn. Ẹ fi èékánná tẹ̀ ẹ́. Bó bá le gbagidi, ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn.

Ohun tó ń kọ mí lóminú jù ni ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Slick máa ń di ilẹ̀ mú débi pé, ní kọ́nà gígùn, ọ́ìlì á wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú páànù rẹ̀ lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, páǹpù á wá máa fa afẹ́fẹ́. Ẹ́ńjìnnì lè bàjẹ́ pátápátá níbẹ̀. Páànù tó ní ìdènà nínú ni kí ẹ kọ́kọ́ náwó lé, kó tó kan táyà.

Ẹ má sì gbé slick wọ títì o, kò bófin mu. Pápá ni kí ẹ ti pààrọ̀ rẹ̀.