Bí A Ṣe Ń Wé Ìyẹ́ Àkùkọ Mọ́ Ìwọ̀ Eṣinṣin Àtọwọ́dá

Ìyẹ́ yìí ló ń gbé eṣinṣin àtọwọ́dá (ohun ìdẹ ẹja tí a dì mọ́ ìwọ̀ kí ó lè jọ kòkòrò) léfòó kí ẹja trout tó wá gbé e. Ìyẹ́ ọrùn àkùkọ ni kí ẹ lò fún ìwọ̀ nọ́ńbà 14; ti abo adìyẹ rọ̀ jù, ó ń fa omi mu.

Ẹ fi irun ìyẹ́ náà wọn ẹnu ìwọ̀, ìyẹn àlàfo tó wà láàárín ṣóńṣó ìwọ̀ àti ọ̀pá rẹ̀: kí ó gùn tó ìlọ́po kan àtààbọ̀ rẹ̀. Ẹ fa irun rírọ̀ ìdí rẹ̀ tu, kí egungun ìyẹ́ hàn ní nǹkan bíi mìlímítà 4. Ẹ fi òwú dì í mọ́ ìwọ̀ ní ìgbà 5, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí mìlímítà 1 egungun ìhòòhò ṣẹ́kù. Ibí gan-an ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù! Bí irun bá wọ abẹ́ òwú, ìyípo àkọ́kọ́ á dàgẹ̀rẹ̀, ìyókù á sì tẹ̀ lé e.

Ẹ fi ẹ̀mú kékeré di ṣóńṣó ìyẹ́ mú, kí ojú rẹ̀ tó ń dán kọjú síwájú. Ẹ wé e ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lẹ́yìn apá eṣinṣin, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta níwájú, kí ìyípo má gun ara wọn. Ẹ fa á le díẹ̀. Bí ẹ bá fà á jù, egungun á já.

Ẹ fi àyè mìlímítà 1 sílẹ̀ lẹ́yìn ihò ìwọ̀ fún ìdì ìparí.