Kí ẹ tó tẹ ìwé ànjọ̀nú yín

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìtàn ànjọ̀nú alápá púpọ̀, tí ẹ fẹ́ fowó ara yín tẹ̀ ẹ́, ẹ má sanwó tán fún atẹ̀wé kí ẹ tó rí ẹ̀dà kan lórí bébà. Ojú mi ti rí i. Igba ẹ̀dà ni mo gbà, gbogbo lẹ́tà ọ̀ àti ẹ̀ ti di àpótí òfìfo. Iwin tó yẹ kó dẹ́rù bani wá ń pani lẹ́rìn-ín! Ẹ rí i pé fọ́ǹtì, ìyẹn ìrísí lẹ́tà tí ẹ lò, wà nínú fáìlì PDF tí ẹ fún atẹ̀wé fúnra rẹ̀, kí ẹ sì ka ojú ìwé tí àmì ohùn pọ̀ sí jù.

ISBN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé, ńkọ́? Apá kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, National Library of Nigeria ló ń fúnni. Èyí tí Amazon, iléeṣẹ́ tó ń tàwé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ kò ṣeé gbé lọ síbòmíràn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ olórí ẹ̀mí burúkú yín ní Èṣù. Ifẹ̀ la wà, òrìṣà ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí níbí; Bíbélì tí wọ́n túmọ̀ ló sọ ọ́ di Sátánì. Egbére ṣì wà nílẹ̀ tòun tẹní rẹ̀, ó ń wáṣẹ́.