Àpótí tó wà lábẹ́ ibùsùn Bàbá Àgbà

"Ẹ dáná sun ún!" Ohun tí Màmá Ìbàdàn, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, kọ́kọ́ sọ nìyẹn nígbà tí a ṣí àpótí pẹlẹbẹ dúdú tí a bá lábẹ́ ibùsùn bàbá wọn, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìsìnkú. Bàǹtẹ́ funfun ló wà lókè, ìbọ̀wọ́ funfun tẹ̀ lé e, ìwé ẹ̀rí láti Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀já ọrùn aláwọ̀ búlúù, àmì ẹ̀yẹ fàdákà kan, àti ìwé pélébé. Freemason, ìyẹn ọmọ ẹgbẹ́ awo kan, ni Bàbá Àgbà, ẹnikẹ́ni nínú wa ò sì mọ̀.

Mo bẹ Màmá pé kí wọ́n fún mi lọ́sẹ̀ méjì.

Ìwé ẹ̀rí ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Orúkọ lọ́ọ̀jì wọn, ìyẹn ẹ̀ka ẹgbẹ́ tí wọ́n wà, àti nọ́ńbà rẹ̀ wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọdún 1961. Bàbá fúnra wọn fọwọ́ sí etí rẹ̀. Bàǹtẹ́ ló wá là mí lójú. Awọ ọ̀dọ́ àgùntàn ni, wọ́n fi búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ gbá etí rẹ̀. Òdòdó aṣọ mẹ́ta ló máa ń wà lára ti ọmọ ẹgbẹ́ tí kò tíì jẹ olórí. Lára ti Bàbá, fàdákà tó dà bíi lẹ́tà T tí a dorí rẹ̀ kodò ló wà níbẹ̀. Wọ́n ti jókòó lórí àga olórí lọ́ọ̀jì rí!

Òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n. Lọ́dún 1977, ìjọba ológun fòfin dè é pé òṣìṣẹ́ ìjọba kò gbọdọ̀ sí nínú ẹgbẹ́ awo. Mo rò pé ìgbà yẹn ni àpótí náà wọ abẹ́ ibùsùn.

Mo wá akọ̀wé lọ́ọ̀jì kàn. Bàbá arúgbó kan ló wá, ó kí wa kú ará fẹ́ra kù. Ó ṣàlàyé pé lọ́ọ̀jì ló ni ọ̀já ọrùn, mo sì dá a padà. Àwa la ni bàǹtẹ́, ìbọ̀wọ́ àti àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n kọ orúkọ Bàbá sí lẹ́yìn. Ìwé pélébé náà, tí ètò ìpàdé wọn wà nínú rẹ̀, mo ti ṣí i lẹ́ẹ̀kan: lẹ́tà kan ṣoṣo ni wọ́n fi dúró fún ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Mo pa á dé. Bàbá Àgbà ti búra lé e, kì í ṣe èmi ni máa tú u. Mo fi lé àlejò wa lọ́wọ́.

Màmá Ìbàdàn ló gbé omi tútù wá fún un. Wọ́n jókòó tì í, wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, báwo ni bàbá mi ṣe máa ń ṣe nípàdé yín?" Ilẹ̀ ti ṣú kí bàbá náà tó dìde.