Páálí àárín rọ́ọ̀lù fẹ́ẹ̀ jẹ́ kí n lé ọmọ ọlọ́mọ

Oṣù mẹ́ta gbáko, ọjà ń lọ, mọ́tò ń kó láàárọ̀ ń kó lálẹ́, síbẹ̀ tó bá ti kan owó náílọ̀n píọ̀ wọ́tà tuntun, ọ̀dọ̀ ìyá àwọn ọmọ ni màá tún lọ yá owó. Ìbínú yẹn ló jẹ́ kí n lọ ra sikéèlì.

Píọ̀ wọ́tà ni mò ń ṣe n'Íbàdàn, ẹ̀rọ méjì péré. Ọgbọ́n mi ò ju pé rọ́ọ̀lù náílọ̀n tó bá wọlé a wọ̀n ọ́n, báàgì tó bá jáde a kà á. Ti ìwé tí mo fa ilà sí ò le, ẹnikẹ́ni lè ṣe é.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé òǹkà ò bára mu. Mo dúró ti ẹ̀rọ fúnra mi lọ́jọ́ kan, mo rí i pé kílò kan ń gbé báàgì 22, ẹyọ 20 nínú báàgì kan. Rọ́ọ̀lù kílò 20 yẹ kó fún mi ní 440, 395 ni wọ́n ń kọ. 45 dà? Ọmọ tó wà nídìí ẹ̀rọ ní "ọ̀gá, ó ń bàjẹ́ ni." Mo jágbe mọ́ ọn, odidi ọ̀sẹ̀ méjì mi ò dá a lóhùn dáadáa, mo tiẹ̀ ti ń wá ẹni tó máa rọ́pò ẹ̀. Àfi ọjọ́ tí mo ṣàdédé gbé páálí tó máa ń ṣẹ́kù láàárín rọ́ọ̀lù lé sikéèlì. Kílò kan géérégé! Mo ti ń ka páálí mọ́ náílọ̀n látọjọ́ yìí wá, ojú tì mí gan-an. A tún wá kó èyí tó bàjẹ́ lóòótọ́ jọ, ìdajì kílò. Náílọ̀n gangan wá ku kílò 18.5, ó di 407 tó yẹ ká rí, báàgì 12 ṣì ń sọnù lórí rọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan.

Bàbá Sítọ̀ ló ní kọ́kọ́rọ́ sítọ̀ lọ́wọ́, àwọn náà ló ń ka ẹrù sí mọ́tò, àwọn náà ló tún ń kọ ìwé. Ta ló fún wọn láyè? Èmi náà ni. Mo ní "Bàbá, ẹ máa mú kọ́kọ́rọ́ yín, ẹlòmíì á máa kọ̀wé, dírẹ́bà á sì fọwọ́ sí i kó tó jáde ní géètì." Wọ́n ní ṣé olè ni mo pe àwọn ni. Mo ní rárá o. Ọ̀sẹ̀ kejì, 405! Mi ò bi ẹnikẹ́ni léèrè ibi tí báàgì 12 ń wọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti kọ́kọ́ pín iṣẹ́ yẹn kí n tó náwó lórí sikéèlì rárá.

Mo bẹ ọmọ yẹn. Ó ní kò sí wàhálà, ṣùgbọ́n títí dòní, ó máa ń gbé páálí wá fi hàn mí kó tó jù ú nù.